Mónò, pólì, àbí olójú méjì? Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn páńẹ́ẹ̀lì náà

Aránṣọ kan ní Kàbà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀bájànà, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní epo jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ èrè òun tán, òun sì ti kó àjọ, òun fẹ́ fi ra sólà. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá nájà ní kó má wo ohunkóhun yàtọ̀ sí páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní mónò, pé àwọ̀ dúdú rẹ̀ ló ń fa oòrùn. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, pé pólì tó ní àwọ̀ búlúù ló le fún ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa. Ẹnì kẹta gbé páńẹ́ẹ̀lì kékeré kan jáde tí wọ́n kọ 400 wáàtì sí lẹ́yìn, owó rẹ̀ sì kéré sí ti gbogbo wọn. Ó wá bi mí pé: “Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà tí mi ò fi ní kábàámọ̀?”

Àǹtí mi, okun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó epo. Mo máa dáhùn gbogbo ohun tí ẹ béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta yẹn ni mo fẹ́ gbà bẹ̀rẹ̀, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù. Irinṣẹ́ tí ẹ sì máa fi mú irú wọn wà lọ́rùn yín báyìí, ìyẹn téèpù tí ẹ fi ń wọn aṣọ.

Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere lọ́sàn-án gangan, oòrùn máa ń da nǹkan bí 1,000 wáàtì sórí ibi tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Ìwọ̀n yìí náà ni gbogbo àwọn tó ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì fi ń dán an wò kí wọ́n tó kọ iye wáàtì sí i lẹ́yìn. Kò sí páńẹ́ẹ̀lì kankan lọ́jà tó lè kó gbogbo rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, pólì ń kó nǹkan bíi 15 sí 17. Mónò ń kó 19 sí 22, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè wọ 23 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Bí páńẹ́ẹ̀lì ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ iye tó lè mú wá. Èèyàn lè tẹ nọ́ńbà tó wù ú sórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè na gíláàsì kó gùn sí i.

Nítorí náà, ẹ wọn gígùn rẹ̀ ní íǹṣì, ẹ wọn ìbú rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan lọ́nà èkejì. Bó bá jẹ́ mónò, ẹ pín ohun tó bá jáde sí ọ̀nà 7. Bó bá jẹ́ pólì, ẹ pín in sí ọ̀nà 9. Iye tó bá kù lọ́wọ́ yín, àyíká ibẹ̀ ni wáàtì tòótọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Mónò 550 tó wọ́pọ̀ lọ́jà gùn tó nǹkan bí 89 íǹṣì àtààbọ̀, ó sì fẹ̀ tó 44 àtààbọ̀. 89.5 lọ́nà 44.5 jẹ́ nǹkan bí 3,983. Ẹ pín in sí 7, ó di 569. Iye tí wọ́n kọ sí i bá a mu. Àwọn tuntun tí ìwọ̀n wọn jẹ́ bákan náà lè wọ 580 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ìyẹn náà kò burú. Pólì 330 àtijọ́ jẹ́ 77 íǹṣì sí 39. Ó di 3,003, ẹ pín in sí 9, ó di nǹkan bí 334. Òun náà bá a mu.

Mo wà pẹ̀lú oníbàárà mi kan ní Lọ́kọ́jà nígbà tó fẹ́ ra irú “400” yẹn. Ó ti yọ owó lápò. Mo ní kó dúró, mo na téèpù: 58 íǹṣì ni gígùn, 26 ni ìbú. 58 lọ́nà 26 jẹ́ 1,508. Mo pín in sí 7, ó jẹ́ 215. Ìdajì ohun tí wọ́n kọ ni, pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Mo gbé e, kò wúwo. Ọwọ́ kan ló gbé e. Mónò 550 gidi máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 28, ó ju ìlàjì àpò sìmẹ́ńtì lọ. Ẹni tó ń tà á kò jiyàn, ó kàn dín owó. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó dín in tó, ẹni tó bá rà á bíi 400 ti ṣètò iṣẹ́ 400 fún un. Fáànù á máa kú ní aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á sì máa pe bátìrì lólè.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí mónò àti pólì. Silicon kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì, láti inú iyanrìn funfun ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ti mónò, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n wá ń fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di ọ̀pá kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé nínú. Ti pólì, wọ́n da yíyọ́ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, bí a ṣe ń da búlọ́ọ̀kù, ó sì dì ní ọ̀pọ̀ ẹ̀là. Ẹ wo ojú rẹ̀ nínú oòrùn, ẹ máa rí i: pólì á máa kọ mànà ní búlúù ní oríṣiríṣi, bí ìgbà tí díńgí fọ́ tí wọ́n wá kó o jọ. Mónò dúdú bákan náà láti òkè dé ilẹ̀, igun sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di páńẹ́ẹ̀lì, sì sábà máa ń gé díẹ̀. Iná ń gba inú mónò kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn, torí kò sí oríkèé tó ń dá a dúró. Ìdí tó fi ń mú wáàtì púpọ̀ wá láti ojú kékeré nìyẹn. Àwọn ará Bell Labs ní Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fi irú silicon yìí hàn ayé ní 1954, nǹkan bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni tiwọn ń kó.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa: wáàtì ni wáàtì. Mónò 330 àti pólì 330 tó jẹ́ ojúlówó á ṣe iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí òrùlé yín. Pólì kàn máa gba àyè jù ni. Èyí tí wọ́n ń sọ pé mónò ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òjò tí pólì kì í ṣe é, àbùmọ́ ni. Bí kùrukùru bá bo oòrùn, méjèèjì ló máa relẹ̀.

Ti ooru ńkọ́? Ibi tí ẹnì kejì ti ṣì yín lọ́nà nìyí. Gbogbo páńẹ́ẹ̀lì ló kórìíra ooru. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn wọn, ìgbà tí ara sẹ́ẹ̀lì wà ní 25 dígíríì ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Lórí páànù wa ní oṣù kẹta, ara rẹ̀ lè dé 65. Ẹ wo ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì, ẹ máa rí ìlà kan tí wọ́n kọ “temperature coefficient of Pmax” sí. Nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ ni ohun tó ń sọ nù fún dígíríì kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá 25. Pólì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 0.40 nínú ọgọ́rùn-ún, mónò tó wọ́pọ̀ bíi 0.35, mónò irú tuntun tí wọ́n ń pè ní N-type bíi 0.30. Láti 25 dé 65 jẹ́ 40 dígíríì. Pólì á sọ 16 nù nínú ọgọ́rùn-ún, mónò á sọ 14 nù, N-type á sọ 12 nù. Nítorí náà pólì kọ́ ló le fún ooru. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó náà pé ìyàtọ̀ mónò sí N-type lórí 550 jẹ́ wáàtì 11, kò tó gílóòbù kan àtààbọ̀. Bí owó wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ mú N-type, torí kì í tètè gbó bíi ti ìṣáájú: lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó ń ṣe é ń ṣèlérí pé kò ní dín ju 1 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí mónò àtijọ́ ń gba 2. Bí owó bá jìnnà síra, ẹ má fi owó wáyà ra lẹ́tà N.

Ohun tó lè dín ooru yẹn kù ju irú páńẹ́ẹ̀lì lọ ni afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ pé kó má lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù. Kó gbé e sókè, kó tó íǹṣì 4 sí 6, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀.

Olójú méjì, tí wọ́n ń pè ní bifacial, gíláàsì ló wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń kó ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà láti ilẹ̀. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì funfun, tí ẹ gbé e sórí irin gíga, ó tọ́. Lórí páànù tó ti dípẹtà, tí àyè ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju íǹṣì díẹ̀ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ fún ojú kejì. Bó bá jẹ́ owó kan náà ni, ẹ gbà á, torí gíláàsì ẹ̀yìn máa ń pẹ́ ju rọ́bà lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo, kí igi òrùlé yín lágbára. Èyí tó rọ̀ tó ṣeé ká, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọkọ̀. Èyí tó pọ́n bíi kọfí, tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi òun náà sílẹ̀. Á gba ìlọ́po méjì àyè mónò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mú wáàtì kan náà wá.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ lórí èyí tó kàn, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ owó tó ṣòfò níbẹ̀. Kì í ṣe inú páńẹ́ẹ̀lì ló wà, inú àpótí kékeré tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ni, ìyẹn kọ̀ńtírólà.

Wọ́n pè mí lọ sí Ìsánlú, sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan. Ó ra mónò 550 tuntun, ojúlówó, mo wọ̀n ọ́n mo sì yìn ín. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 12 fóòtì (volt, ìyẹn agbára tó ń ti iná). Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bátìrì kò kún rí, ó sì ti gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Mo so ìdíwọ̀n mọ́ wáyà lọ́sàn-án gangan. Áńpù 13 (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) ló ń wọ bátìrì, ní fóòtì 13. Áńpù lọ́nà fóòtì ló ń di wáàtì. 13 lọ́nà 13, wáàtì 169. Láti inú 550! Mo wo kọ̀ńtírólà, PWM ni wọ́n kọ sí i.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Páńẹ́ẹ̀lì 550 máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní nǹkan bíi 41 fóòtì, pẹ̀lú áńpù 13. PWM kàn ń so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì ní tààrà ni, bátìrì sì ń fa fóòtì páńẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí tirẹ̀. Áńpù kò pọ̀ sí i. Fóòtì 28 tó kù ṣòfò sórí òrùlé, kò wọlé rárá. MPPT, irú kọ̀ńtírólà kejì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí páńẹ́ẹ̀lì wà níbi tó ti lágbára jù, ó wá ń yí fóòtì tó ṣẹ́kù padà sí áńpù fún bátìrì. A pààrọ̀ rẹ̀ sí MPPT lọ́jọ́ yẹn, ìdíwọ̀n gòkè láti 13 sí áńpù 33. Páńẹ́ẹ̀lì kan náà, bátìrì kan náà, oòrùn kan náà. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti ń tan jẹnẹrétọ̀ fún oṣù márùn-ún lórí ohun tó ti wà lórí òrùlé òun.

Páńẹ́ẹ̀lì kéékèèké àtijọ́ tó ní sẹ́ẹ̀lì 36, tí fóòtì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 18, òun ni PWM bá bátìrì 12 fóòtì mu fún. Bí ẹ bá máa ra èyí tó tóbi, kí ó jẹ́ MPPT tòótọ́. Ayédèrú rẹ̀ náà wà tí wọ́n kàn tẹ MPPT sí lójú, tó fúyẹ́ bí àpótí ìṣáná. MPPT gidi máa ń ní wáyà kọ́ńbà tí wọ́n ká àti irin nínú, ó máa ń wúwo.

Ohun kan wà tó so mọ́ ọn. Lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì, ẹ máa rí “Voc”, ìyẹn fóòtì rẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì so ó mọ́ ohunkóhun. Ti 550 sábà máa ń sún mọ́ 50 fóòtì. Bí wọ́n bá so méjì tẹ̀lé ara wọn, ó di nǹkan bí 99.6. Oníṣẹ́ á wo kọ̀ńtírólà tí wọ́n kọ 100 fóòtì sí, á ní ó ṣì wọlé. Kò wọlé. Fóòtì máa ń gòkè bí páńẹ́ẹ̀lì bá tutù, nǹkan bíi 0.27 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígíríì kọ̀ọ̀kan. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, lẹ́bàá òkè Kàbà níbẹ̀ yẹn, tí ara páńẹ́ẹ̀lì bá tutù dé 15 dígíríì, 99.6 yẹn á di 102, kọ̀ńtírólà sì lè jó kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kí èyí tí ẹ máa rà gba 150 fóòtì, tàbí kí wọ́n so páńẹ́ẹ̀lì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí fóòtì má bàa pọ̀.

Mélòó ni ẹ nílò? Ẹ sọ fún mi pé ẹ ní ẹ̀rọ ìránṣọ oníná kan, ẹ̀rọ wífín kan, fáànù méjì, gílóòbù mẹ́rin. Ká ní ẹ̀rọ ìránṣọ ń fa 250 wáàtì, tí ẹ fi ń rán nǹkan fún wákàtí 5 gbáko: 1,250. Ẹ̀rọ wífín, 250 fún wákàtí 2: 500. Fáànù méjì, 60 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 8: 960. Gílóòbù mẹ́rin, 10 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5: 200. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,910 lójúmọ́, ìyẹn wáàtì lọ́nà wákàtí. Ní agbègbè wa, ẹ lè ka oòrùn tó lágbára sí wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lójúmọ́, bí a bá pín ọdún pọ̀. Bí a bá yọ ooru, eruku àti ohun tí bátìrì àti wáyà ń jẹ kúrò, páńẹ́ẹ̀lì 550 kan á mú nǹkan bí 1,730 wọlé. Méjì á mú 3,460 wọlé. Méjì ni ẹ nílò. Lóṣù kẹjọ tí oòrùn ń fi ara pamọ́, á dín sí ohun tí ẹ nílò díẹ̀. Ẹ pa fáànù kan lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù oníná kò sí nínú ìṣirò yẹn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. 1,000 wáàtì ni kékeré wọn ń fà. Wákàtí méjì péré, ó ti jẹ ohun tó ju iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì kan lọ. Ẹ ṣì máa lo eléèédú tàbí onígáàsì.

Igi kajú tí ẹ ní ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ń kó ìdààmú bá mi. Sẹ́ẹ̀lì inú páńẹ́ẹ̀lì so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan. Bí òjìji bá bo ẹyọ kan, iná kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Wọ́n fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí iná yà kọjá, ṣùgbọ́n ó máa fo ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n gé sẹ́ẹ̀lì wọn sí méjì, tó ní ìlà gbọọrọ láàárín, sàn díẹ̀, torí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ dúró sídìí ògiri náà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àti aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ wo ibi tí òjìji dé. Kí wọ́n má gbé e síbẹ̀. Kí páńẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bíi dígíríì 10 sí 15, kí òjò lè máa ṣan eruku ọkọ̀ ẹrù ojú ọ̀nà yẹn kúrò. Nígbà ọyẹ́ tí òjò kò sí, kí ọmọ iṣẹ́ yín fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sẹ̀ méjì méjì, ní kùtùkùtù. Kó má da omi tútù sórí gíláàsì tó gbóná lọ́sàn-án.

Tókúnbọ̀ pólì tí àbúrò yín mú wá ńkọ́? N kò ní bú u. Èyí tó bá dára ṣì lè lo ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yí i dojú délẹ̀, ẹ wo rọ́bà funfun ẹ̀yìn rẹ̀: bó bá ti pọ́n, tó sán, tàbí tó jó níbì kan, ẹ dá a padà. Ẹ wo ojú rẹ̀ fún ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ipa ìgbín. Ìyẹn máa ń fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ti sán nínú. Kí oníṣẹ́ wọn fóòtì àti áńpù rẹ̀ nínú oòrùn níwájú yín, kí ẹ fi wé Voc àti Isc (áńpù tó pọ̀ jù tó lè mú jáde) tí wọ́n kọ sí i. Kó lo ìdíwọ̀n tó ń gbá wáyà mọ́ra, tó sì ń wọn iná DC. Mítà kékeré tó wọ́pọ̀ kò gbà ju áńpù 10 lọ, 550 sì ń mú nǹkan bíi 14 jáde. Á jó o.

Owó, ẹ má wo iye páńẹ́ẹ̀lì kan, ẹ wo iye wáàtì kan. Ẹ pín owó sí wáàtì, wáàtì tòótọ́ tí téèpù yín sọ, kì í ṣe èyí tí ìwé sọ. Ká ní ẹnì kan pe 550 ní 110,000 náírà, náírà 200 ni wáàtì kan. Ẹni tó pe “400” yẹn ní 60,000, tó jẹ́ 215 ní òtítọ́, náírà 279 ni wáàtì kan. Òun gan-an ló gbówó lórí jù.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, màá ra mónò 550 méjì tí wọ́n gé sẹ́ẹ̀lì wọn sí méjì, pẹ̀lú MPPT tó gba 150 fóòtì. Ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ àti èyí tó wà nínú gíláàsì níwájú, kí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sára rìsíìtì yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì náà àti ti kọ̀ńtírólà kó hàn ketekete, kí ẹ sì kọ gígùn àti ìbú tí ẹ wọ̀n sí i. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi; màá wò wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an.